Ohun Tó Ń Jó Lára Máṣíìnì Ọkọ Mi

Láyé ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, orí máṣíìnì nìkan ni mo ti máa ń ní ọkọ mi fún ara mi ní Sọ́ńdè. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni tiwa, ní Òkòkòmáìkò. Ọkùnrin á jókòó lọ́tọ̀, obìnrin á jókòó lọ́tọ̀. Tí a bá padà sílé ní Ìbà, àwọn àbúrò ọkọ mi á ti kún yàrá kan ṣoṣo tí a ní. Ṣùgbọ́n tí a bá ti gun máṣíìnì, màá gbé àyà lé wọn lẹ́yìn, màá máa gbọ́ òórùn ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ̀.

Ẹni tó bá wọ sùtánà, aṣọ funfun wa yẹn, kì í wọ bàtà. Torí pé a máa ń yà kí ìyá mi ní Ọ̀jọ́ lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń kó bàtà wa sínú ọ̀rá, màá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó.

Ní Sọ́ńdè kan, ọkọ mi dúró lójijì. "Nǹkan ń jó." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, wọ́n ń fimú wá a kiri. Wọ́n tú pulọ́ọ̀gì wò, wọ́n fọwọ́ kan wáyà, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo yọjú sínú ọ̀rá. Sílípáàsì mi ti yọ́ ní gìgísẹ̀. Páìpù èéfín ló ń jó o.

Mo ti ya ẹnu láti sọ ọ́. Àmọ́ oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi, ọ̀sẹ̀ yẹn náà sì ni mọ́tò gbá aládùúgbò wa lórí máṣíìnì ní ẹsipirẹ́ẹ̀sì, ó kán an lẹ́sẹ̀. Mo panu mọ́. Ká má parọ́, mo ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní Sọ́ńdè kejì, èmi fúnra mi ni mo so ọ̀rá náà kó rọ̀ dáadáa, kó lè máa kan páìpù, bóyá wọ́n á tà máṣíìnì náà. Tí wọ́n bá ti fẹ́ dúró, màá yára fà á sórí itan, màá fi sùtánà bò ó.

Mẹkáníìkì pààrọ̀ klọ́ọ̀ṣì, ó tú bíréèkì, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Òórùn ò lọ. Ọkọ mi ní ẹ́ńjìnnì ló ń jóná nínú. Wọ́n ta máṣíìnì náà fún ọkùnrin kan láti ìhà Navy Town. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Inú mi dùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wá ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ni wọ́n máa ń jókòó, èmi á wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, màá máa wo ẹ̀yìn orí wọn. Mo bímọ mẹ́rin fún wọn. Àárò ẹ̀yìn wọn yẹn ò tán lára mi.

Nígbà tí ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn, mo ń fi òróró pa wọ́n lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Màmá, máṣíìnì yẹn, mi ò mọ ohun tó ń jó lára ẹ̀ títí dòní."

Mo ní, "Ẹ sùn díẹ̀ ná." Mo ti pinnu pé tí wọ́n bá jí, màá sọ ọ́.

Wọn ò jí.