Ọkọ Mi Tó Ń Lá Ògiri

Ẹ bá mi wo àgbàlagbà tó ń lá ògiri! Bírikìlà lọkọ mi, kò sì sí ilé tá a lọ kí èèyàn tí kò ní máa fọwọ́ pa ìdí ògiri onílé. Bó bá rí nǹkan funfun tó hù síta bí ìyẹ̀fun, á fìka kàn án, á fi kan ahọ́n, á ní iyọ̀ ni. Ojú á wá tì mí. Mo ti bá a jà títí, ó ti sú mi.

Ẹni tó bá máa bá a jiyàn, kó yáa jókòó dáadáa. Ó ní kọnkéré ń mu omi, bó ti wù kó le tó, torí ihò tíntìntín tójú ò rí ló kún inú rẹ̀. Ibi tó bá wà ló sì ń sọ ohun tó máa mu. Ní ìlú òkè ọ̀hún níbi tó ti kọ́ṣẹ́, tó jìnnà sí òkun, òjò á rọ̀, oòrùn á yọ, gbogbo ẹ̀ á gbẹ, ó parí. Bí ìdí ògiri bá wà nínú ilẹ̀ tútù, á fa omi ilẹ̀ sókè, omi á gbẹ, iyọ̀ inú ẹ̀ á ṣẹ́kù sára ògiri. Ti etí òkun ló burú jù, torí atẹ́gùn gan-an ló ń gbé iyọ̀ wá. Iyọ̀ á bá omi wọlé díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan irin inú kọnkéré. Irin á dípẹtà, á wú, á sì ya kọnkéré látinú.

Nígbà tá a kọ́kọ́ kó wá sétí òkun, kò mọ èyí. Ilé àkọ́kọ́ tó kọ́ níbẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, àwọn ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ó ṣe fàráńdà kan sókè fún wọn kí wọ́n lè máa jókòó wo òkun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú òkè ọ̀hún ló ṣe é: kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi bo irin.

Nígbà tó wá rí i táwọn ilé àdúgbò ń ya, ẹ̀rù fàráńdà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá lóun fẹ́ wá wò ó, Ẹ̀gbọ́n á ní kó dá ọjọ́, káwọn lè se oúnjẹ dè é. Bá a bá dé, fàráńdà á funfun báláú, kò ní sí ìlà kan lára ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a yà síbẹ̀ láìsọ. A bá Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n dúró lórí àga lábẹ́ fàráńdà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n ń kun ọ̀dà. Arúgbó! Ibi tí wọn ò tíì kùn ti ya, omi ìpẹtà ti ṣàn pupa lára ẹ̀, àfọ́kù kọnkéré sì wà nínú pàǹtí tí wọ́n gbá jọ. Ìgbà yẹn ni ìdí tí wọ́n fi ń bèèrè ọjọ́ yé wa. Ọkọ mi fi òòlù kan abẹ́ ẹ̀, ó dún bí ohun tó ṣófo. Kò lá nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kó wó lu àwọn ni. Wọn ò tiẹ̀ wojú mi, ọkọ mi ni wọ́n dá lóhùn.

"Bí wọ́n bá rí i pé ilé èmi ẹ̀gbọ́n ẹ ń ya, ta ló máa gbéṣẹ́ fún ẹ mọ́ ládùúgbò yìí?"

"Ẹ sì tún ń jókòó sórí ẹ̀?" ọkọ mi bi wọ́n.

"Bí mi ò bá jókòó síbẹ̀, wọ́n á bi mí léèrè ìdí ẹ̀."

Ọkọ mi sunkún. Lẹ́yìn náà ó gbé àga tí wọ́n fi ń jókòó kúrò lórí fàráńdà, ó ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó fàráńdà náà. Àwọn ará àdúgbò pé lé e lórí, wọ́n ń bèèrè aláìmọṣẹ́ tó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n ń ṣẹ́jú sí i pé kó má dáhùn.

"Èmi ni," ó ní. "Irin ẹ̀ sún mọ́ ìta jù. Ẹni tí mo bá kọ́ irú ẹ̀ fún, kó má gun orí ẹ̀ mọ́ títí màá fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní àwọn ti bá a bò ó láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu ara ẹ̀ ló wá fi tú u. Ọkọ mi ní kí n mú wọn sún sẹ́yìn dáadáa, ó sì gbé òòlù sókè.