Àwọn Tó Wà Lẹ́yìn Wa

Ewé ilá máa ń yún ni lára. Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni apá mi máa ń yún mi dé èjìká, òógùn Houston á sì máa ta á bí ata, síbẹ̀ inú mi máa ń dùn. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo kà ní yunifásítì nílé, kí n tó di ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Greenspoint. Mo bẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Alief, wọ́n yá mi ní ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí: bí a ṣe ń tọ́jú ilẹ̀, bí a ṣe ń ta ohun oko, bí èèyàn ṣe ń kó àwọn àgbẹ̀ jọ kí ohùn wọn lè dé etí ìjọba. Aṣáájú àgbẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ jù mí lọ. Ó fẹ́ lọ ka iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fárí gá. "Àgbẹ̀? Àgbẹ̀ tí bàbá mi ṣe kí èmi má baà ṣe é? Kí n wọ bàálù wá síbí, kí ọmọ mi wá máa ro oko?" Nígbà tó yá, ó gbà pé bí àjọ kan tó ń ran irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bá lè san owó ilé ìwé ọmọ náà, kó máa lọ. Àjọ náà ṣe tán. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i pé àwọn èèyàn wa ń ti ètò náà lẹ́yìn.

Mo lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá, mo ṣàlàyé. Alága rẹ́rìn-ín. "Madam, ẹ fọkàn balẹ̀. A wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá!" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn la fi ń bẹ èèyàn pé kó jókòó kí ìpàdé lè tẹ̀síwájú. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Òyìnbó, mo fi ránṣẹ́ sí àjọ náà, mo sì sọ ọ́ fáwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò àjọ náà, a to àga sábẹ́ ìbòòji. Àwọn àlejò dé lásìkò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní òun wà lórí freeway. Orí freeway náà ló wà títí wọ́n fi lọ. Alága ní àdúrà àwọn wà pẹ̀lú wa. Àwọn òbí já ọmọ sílẹ̀, wọn ò tiẹ̀ pa iná mọ́tò. Ọmọbìnrin yẹn dìde, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Àlejò kan wá rọra bi í pé àwọn ará àdúgbò dà? Yorùbá inú ilé nìkan ni ọmọ náà gbọ́. Lójú tirẹ̀, ẹ̀yìn jẹ́ ibi tí èèyàn lè yíjú wò. Ó yíjú, ó wo àwọn àga tó ṣófo, ó wá wò mí.

"Aunty, ẹ ní wọ́n wà lẹ́yìn wa. Mo wẹ̀yìn, I don't see anybody."

Àjọ náà kò fún wa ní nǹkan kan. Alága dé lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, nínú agbádá funfun, ó ní ká ya fọ́tò. Nínú fọ́tò yẹn, kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni: òun ló wà níwájú, èmi àtàwọn ọmọ ń yọjú láti inú ilá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, wọ́n pe oko wa ní iṣẹ́ àkànṣe àwọn. Mo pe alága lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀yin náà! Ṣé a ò gbé yín lárugẹ ni?"

Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì fi da kọnkéré sórí ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ la ń páàkì sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ti bínú títí, ìbínú náà ti rẹ òun fúnra rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ọmọbìnrin yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Alief, nídìí fìrísà. Pharmacy ló ń kà báyìí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi, ó sì mú ilá dídì kan jáde, ó ń yí i wò lọ́wọ́.

"Aunty, ilá yìí ò yún èèyàn o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e sínú agbọ̀n rẹ̀, ó lọ sanwó. Mo dúró síbẹ̀ títí otútù fìrísà fi mú mi lójú. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti ń họ apá mi.