Òkìtì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Jẹ́ Ká Sun

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Oko ẹ̀gẹ́ ló ń dá ní Lagbé, gaàrí ló ń yan tà, kò sì kàwé kọjá kíláàsì kejì. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ sẹ́míjàn ni mò ń ṣe. Mò ń fi alùpùpù gbé èrò láàrin Ifangni àti Daagbé.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kan, táyà mi gun nǹkan kọjá lójú ọ̀nà. Mo dúró, mo padà lọ wò ó. Ẹranko kékeré kan ni, kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, ẹ̀gún kúkúrú bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Érísọ̀n ni wọ́n ń pè é ní Faransé nílé ìwé. Nílé wa, òòrẹ̀ kékeré la máa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òòrẹ̀ gidi tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ó ti ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, bó ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá bà á. Ìyẹn lè gbà á lọ́wọ́ ajá, kò lè gbà á lọ́wọ́ alùpùpù.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹranko yẹn ló ń bá òun jẹ ikán àti kòkòrò inú oko. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, èèyàn kì í rìn dé odò kó má rí i, ṣùgbọ́n ní báyìí, ọdún lè yípo kí òun tó rí ẹyọ kan. Ó wá ka ohun tó ń pa wọ́n fún mi: iná oko, oògùn apakoríko, àwọn tó ń rà wọ́n lọ fi ṣe oògùn. Ó wojú mi, ó fi àwa onísẹ́míjàn kún un. Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àsìkò ìsunko dé. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ọ̀wẹ̀ ti bá a ṣán oko sílẹ̀, òkìtì igi àti koríko mẹ́rin ti wà nílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó lè gbẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sun ún, bàbá àgbà tó jẹ́ olórí ọ̀wẹ̀ ti mú ìṣáná jáde nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tú wọn wò ná.”

Baba ní oko méjì mìíràn ṣì ń dúró de àwọn. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó mú igi kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí òkìtì àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀. Orí alùpùpù ni mo wà, ojú ń tì mí. Nígbà tó yá, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá a.

Kò sí nǹkan kan nínú òkìtì méjì àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀kẹta, láàrin ewé gbígbẹ, a rí ìyá òòrẹ̀ kan àti ọmọ mẹ́ta tí ojú wọn kò tíì là, ẹ̀gún wọn ṣì funfun. Mo na ọwọ́ sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ mi dànù, ó ní bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n, ìyá wọn lè kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ó rọra dá ewé bò wọ́n.

Baba bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wò wọ́n láàrin ewé náà. Nígbà tó nàró, ó ti ìṣáná bọ àpò.

“Láti ìgbà tí mo ti di géńdé ni mo ti ń sun oko,” ló wí. “N kò tú òkìtì kankan wò rí.”

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. A ro àyíká òkìtì náà mọ́ kí iná má bàa dé ibẹ̀, a tú ẹ̀kẹrin wò, a sì sun àwọn mẹ́ta yòókù. Ẹ̀gbọ́n mi gbin ẹ̀gẹ́ yí èyí tó kù ká. Ọkùnrin kan tó ń ra ẹran ìgbẹ́ gbọ́, ó wá pẹ̀lú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi fún un lómi mu, ó wá sọ fún un pé, “Àlejò mi ni wọ́n. A kì í ta àlejò.” Ọkùnrin náà lọ. Lẹ́yìn bí oṣù kan àti ààbọ̀, a bá ìtẹ́ wọn lófìfo. Wọ́n ti bá tiwọn lọ.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ọ̀wẹ̀ Lagbé kì í ṣáná sí òkìtì tí wọn kò tíì tú. Ẹ̀gbọ́n mi fi igbó díẹ̀ sílẹ̀ létí odò, kò sì fín oògùn débẹ̀ mọ́. Èmi náà ń rọra sáré láàárọ̀ kùtù.

Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ kan ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ nípa òòrẹ̀ kékeré. Mo gbé èrò kọjá níbẹ̀, mo sì dúró létí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú pátákó, ó ń sọ Nàgó, èdè wa, olùkọ́ ń sọ ọ́ sí Faransé tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Èrò mi bi mí pé, “Ta ni madáàmù yẹn?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ó ní dákọ̀, ó ti yé òun, ká máa lọ, òun ti pẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.