Koríko Iwájú Ilé Mi

Kí katakata kékeré tí wọ́n fi ń gé koríko tó dé ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ṣakí, mi ò kì í rí ọmọ kọ́ láàárọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí owó sí náírà nígbà náà ni. Fisíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde, wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni wọ́n sì fún mi. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn nígbà òjò á mọ̀ pé koríko ibẹ̀ kì í fún èèyàn nísinmi. Bí agogo bá ti lù, àdá ni àwọn ọmọ máa ń gbé lọ sí pápá. Nígbà tí wọ́n bá máa fi padà, òógùn ti bò wọ́n, wákàtí mi sì ti lọ. Ìdánwò àṣejáde ń bọ̀, a ò sì tíì ka ìwé dé ìdajì.

Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ fi katakata náà ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, inú mi dùn ju ti gbogbo èèyàn lọ. Pirinsípà ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo mọ fisíìsì, èmi ni kí n máa tọ́jú rẹ̀. Mo gbà. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì, bí wọ́n ṣe ń gbọn eruku kúrò lára fílítà, bí wọ́n ṣe ń fa bẹ́líìtì kó le. Ní Sátidé, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí mi, èmi àti sípánà, gírísì á ti bò mí dé ìgúnpá.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀pá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀. Òun ni wọ́n fi ń gbé abẹ tó ń gé koríko sókè tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ wa kún fún òkúta àti ìdí ògán. Bí abẹ bá lọ sílẹ̀ jù, òkúta ni yóò máa gé. Mo fi afẹ́fẹ́ sí táyà títí wọ́n fi dọ́gba, mo fi rúlà wọn páànù tó bo abẹ náà lọ́tùn-ún lósì kó má bàa dagun, mo wá gbé ọ̀pá síbi tí koríko á fi ṣẹ́kù ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ta ló gbọ́? Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ tó mọ́ ni ilẹ̀ tí a rí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Kéèyàn fi koríko sílẹ̀ kó tún ní òun ti gé e, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Bàbá àgbàlagbà tó ń wa katakata náà máa ń wò mí bíi pé ara mi ò yá.

"Mìsíìsì, a kàn ṣán an ni, a ò ro ó. Ejò lè sùn síbẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe ọkọ́."

"Ẹ̀rọ tí ò lè ṣiṣẹ́ ọkọ́, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Bí mo bá ti yíjú, á rẹ abẹ sílẹ̀. Mo máa ń gbé e padà sókè. Pirinsípà fúnra rẹ̀ á kọjá, á ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbàkigbà tí mo bá yẹ abẹ náà wò, ó ti ká eyín. Mo pọ́n ọn títí ọwọ́ mi fi bó. Ọ̀rọ̀ wọn sú mi pátápátá.

Mo bá lọ bá Pirinsípà. Mo ní kó wá wo iwájú ilé mi nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó rí bí koríko tí a gé dáadáa ṣe ń rí. Bó bá wù ú, kó pàṣẹ kí wọ́n má fọwọ́ kan ọ̀pá náà mọ́. Ó gbà. Nígbà tó di Sátidé, èmi fúnra mi gun katakata, mo gé iwájú ilé mi. Ó tẹ́jú bí ẹní. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, mo ń wò ó. N kò fẹ́ràn koríko báyìí rí láyé mi.

Ìyá mi dé láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ́jọ́ Àìkú, kó lè bá mi tọ́jú ọmọ mi kékeré. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró ọkọ́ ni mo gbọ́. Mo sáré jáde. Màmá ti ro gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú títì, ó sì ti fi ìgbálẹ̀ gbá a. Koríko mi wà lókìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráyè ara rẹ mọ́, ọmọ mi," ló wí. "Bí àlejò bá wá bá a bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Mo lọ dúró ti òkìtì koríko náà. Orí ìdúró náà ni Pirinsípà bá mi. Ó wo ilẹ̀, ó wo ìyá mi, ó sì tẹ̀ríba.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá." Ó wá yíjú sí mi, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Mìsíìsì, ṣé ẹ rí i pé ohun kan náà là ń sọ? Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyí."

"Ọ̀gá, ọkọ́ ni wọ́n fi ṣe é!"

"Ẹ̀rọ náà á ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá."

Bàbá awakọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti fi abẹ gbá òkúta nínú pápá. Ìró náà gbọ̀n mí jìgìjìgì nínú kíláàsì. Nígbà tí mo débẹ̀, irin tó ń yí abẹ ti tẹ̀, ọ́ìlì sì ń ṣàn sílẹ̀. Mẹkáníìkì ní irú irin bẹ́ẹ̀ ò sí ní Ṣakí, kò sí ní Ìsẹ́yìn, àfi ìlú òyìnbó. Pirinsípà mi orí, ó ní ẹ̀rọ náà ò kúkú lágbára tẹ́lẹ̀. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agogo lù, àwọn ọmọ gbé àdá. Mo dúró ti pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, bẹ́ǹṣì òfìfo ló kún iwájú mi. Nígbà tó yá, mo rìn padà sílé. Màmá pọn ọmọ, ó ń yan kiri lórí ilẹ̀ tó ro.

"Ṣé kò sí ẹ̀kọ́ lónìí ni?"

"Àwọn ọmọ wà ní pápá, Màmá. Wọ́n ń ṣán koríko."

Ó bojú wo ọ̀nà pápá, níbi tí àdá ti ń dún. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

"Ẹ̀yin tíṣà yìí mà ń kọ́ wọn dáadáa o," ló wí.