Orí Tó Sinmi Lé Àyà Olúwa

Inú ìjọ Aládùúrà kan ní Ìkirè ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìjọ náà ló rán mi lọ sí ilé ìwé, òun náà ló sì dúró tì mí títí mo fi kọ́ iṣẹ́ ọnà yíyà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mi ò lè dúpẹ́ oore yẹn tán. Nígbà tí ìlú le ní àsìkò SAP, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wáṣẹ́ kiri, èmi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíyàwòrán ní ilé ìwé girama kan ní Àpòmù. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Ìjọ ní kí n ya oúnjẹ alẹ́ Olúwa sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, inú mi dùn.

Inú ìwé ńlá kan tí Òyìnbó míṣọ́nnárì kan fi sílẹ̀ ní yàrá ìkàwé ilé ìwé wa ni mo ti rí ohun tí n ó wò yà. Àwòrán àwọn ará Yúróòpù ló kún inú rẹ̀, láti ayé àwọn Gíríìkì títí dé ayé òde òní. Mo mú èyí tí ọmọ ẹ̀yìn tí Jésù fẹ́ràn ti gbé orí lé àyà Rẹ̀, tó di ojú bí ẹni tí oorun fẹ́ gbé lọ. Mo nílò ojú ẹnìkan tí n ó máa wò. Ọ̀rẹ́ mi, télọ̀ tó ń rán sùtánà funfun fún gbogbo ìjọ wa, ló wá jókòó fún mi.

"Tíṣà, o ya imú mi tóbi jù," ó wí nígbà tó rí ògiri. "Àbí èmi ni kí n máa gbọ́ òórùn tùràrí fún gbogbo ìjọ ni?"

"Imú tí ìyá rẹ bí mọ́ ọ ni mo yà."

"Ó dáa. Fi irùngbọ̀n bò ó fún mi."

Gbogbo ìjọ ló fẹ́ràn àwòrán náà. Ìyá Ìjọ ní bí ọmọ ṣe ń fara ti bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti oko dé gan-an nìyẹn. Kò sí ẹni tó rí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ajíhìnrere wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ló yá ìwé náà lọ́wọ́ mi. Àwòrán nìkan ni èmi ti ń wò níbẹ̀. Òun ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ àwòrán, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn àgbà lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹni tó kọ ìwé náà mú ìkòkò Gíríìkì kan, tí wọ́n ya jagunjagun kan sí lára, tó ń di ọgbẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó mú ẹni mímọ́ kan tí wọ́n so mọ́ igi, tí ọfà gún káàkiri ara rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ bí ara ọkọ ìyàwó. Ó wá kan ọmọ ẹ̀yìn tó gbé orí lé àyà Jésù. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ rí ọ̀rẹ́ àti ìgbàgbọ́ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan lóde òní rí ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin. Ó ní àwọn ayàwòrán kan nífẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́, tí wọ́n sì fi ìtàn àwọn ẹni mímọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún ní kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó wà lọ́kàn òkú. Gbólóhùn yìí ni kò sí ẹni tó rántí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ojú ìjọ ti kúrò lára ògiri, ó ti bọ́ sára ọ̀rẹ́ mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò sì tíì níyàwó. Ojú rẹ̀ ló wà lára ògiri.

Bàbá Ìjọ pè mí. "Ọ̀rọ̀ kékeré ni," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀rẹ́ rẹ á fọwọ́ lé Bíbélì níwájú pẹpẹ, á ní òun kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó tán nìyẹn."

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó gbé áyọ́ọ̀nù náà sílẹ̀.

"Mi ò lè búra, Tíṣà."

"Kí ló dé?"

"Àwọn ayàwòrán tí ìwé yẹn sọ, bí mo ṣe wà nìyẹn. Mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan rí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà nìyẹn."

Mo wá béèrè bóyá èmi ni ọkàn rẹ̀ fà sí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù."

"Gbààwẹ̀. Lọ sórí òkè àdúrà."

"Ṣé o rò pé mi ò tíì lọ ni? Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń lọ."

"Búra nígbà náà. Ọlọ́run á dárí jì ọ́."

"Kí n dúró níwájú pẹpẹ kí n purọ́? Ìjọ yìí náà ló kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fagi lé ìbúra náà. Mo rán wọn létí gbólóhùn tí wọ́n gbàgbé yẹn, nípa ohun tó wà lọ́kàn òkú.

"Ta ló ń bá òkú jà?" ni wọ́n wí. "Alààyè ni a ní kó búra. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Bí mo bá dáhùn, mo ti tú àṣírí ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Mo gbààwẹ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí òjò ńlá rọ̀, kí ara Bàbá má yá, kí ohunkóhun ṣáà ṣẹlẹ̀. Oòrùn là lọ́jọ́ náà.

Gbogbo àgbà jókòó nínú sùtánà tí ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi rán. Ó dúró láìwọ bàtà níwájú Bíbélì. Ó na ọwọ́, ó tún fà á padà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lè búra."

Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó mi orí. Wọ́n ní kó máa lọ, kó má padà wá títí Ọlọ́run yóò fi dá a nídè. Àwọn méjì di apá rẹ̀ mú. Ajíhìnrere ní kí a ha àwòrán náà kúrò lára ògiri.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Ìyá Ìjọ wí. "Olúwa wa mà nìyẹn. Kí ni àwòrán ṣe?"

Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀rẹ́ mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ wà lókè níbẹ̀, ó dì í jẹ́ẹ́, orí rẹ̀ sinmi lé àyà Olúwa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a ní ibi tí àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè ti ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ lójú títì. Ọkọ̀ Ìbàdàn ló ń dúró dè. Kò sọ ibi tí yóò gbà lọ láti ibẹ̀, mi ò sì lè fipá bi í.

"Ṣé wàá máa gbàdúrà fún mi?" ó béèrè.

"Mo máa gbà á. Kí ni kí n máa bá ọ tọrọ?"

Ó ronú díẹ̀. Ọkọ̀ ti dúró, kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo mọ́ ọn pé kó wọlé.

"Pé kí n dé ibi tí wọ́n ti máa gbà mí," ó wí, ó sì wọlé.

Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìjọ tó tọ́ mi. Lẹ́yìn ọpẹ́ ni mo máa ń gba àdúrà kan yẹn, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ti gbà.