Dígí Dúdú Lalla Batoul

Kí n má purọ́, mi ò gba Lalla Batoul gbọ́. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ya fọ́tò ìwé àtijọ́ ní ìlú Fez, kì í sì í ya ìwé tí wọ́n ń jà lé lórí àfi tí àwọn méjèèjì bá jókòó síwájú rẹ̀, kí wọ́n sì mu tíì láti inú ìkòkò kan náà. Lọ́jọ́ tiwa, Abdelhaq, ọmọ Henia àbúrò bàbá mi, ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Àbí ó ti ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́?

Ilé bàbá àgbà là ń jà sí. Nínú ìwé rẹ̀, tàdáwà bo orúkọ ẹni tó fi ilé náà fún. Wọ́n wá kọ orúkọ bàbá mi, Larbi, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí bàbá mi tó kú, ó ní akọ̀wé ló ṣì í kọ. Abdelhaq ní orúkọ ìyá òun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ti ní kí Henia kó jáde nínú ilé náà kó tó di Jímọ́ọ̀.

Lalla Batoul yọ dígí kan jáde.

"Kí lèyí? Ó dúdú bí ìdí ìkòkò! Kí lẹ fẹ́ fi í rí?"

"Ojú tìẹ ò lè fi í ríran, Driss. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tó kọjá pupa, tí ojú èèyàn ò rí. Òun nìkan ni dígí yìí ń jẹ́ kó wọlé. Kámẹ́rà mi ń rí i."

"Ẹ dán an wò lójú mi ná."

Abdelhaq pòṣé. "Bí wọ́n bá kí ẹ káàárọ̀, wàá kọ́kọ́ yọjú wo oòrùn."

Mo fi tàdáwà èéfín àtùpà, irú èyí tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ ń lò, kọ orúkọ ara mi. Mo da tàdáwà ọmọ ilé ìwé lé e títí mi ò fi rí nǹkan kan mọ́. Lalla Batoul fi dígí sẹ́nu kámẹ́rà, ó yà á. Nínú fọ́tò, tàdáwà ọmọ ilé ìwé pòórá, orúkọ mi dúró gbọn-in. Mi ò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀ mọ́.

Ó wá tẹ́ ìwé bàbá àgbà sílẹ̀. Ohun tó bo orúkọ náà pòórá.

Henia.

Mo ní kó tún un yà. Henia. Mo ní kó nu dígí. Henia. Bàbá mi, tí mo fi ń búra! Ojú tì mí, inú sì bí mi sí òkú.

Abdelhaq ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó tó, Driss," ló wí jẹ́jẹ́.

Mo sáré dé ilé bàbá àgbà. Mo bá Henia lórí ìkúnlẹ̀, ó ń di ẹrù. Kí n tó lanu, ó ti ń bẹ̀ mí.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀ọ́, má pariwo. Ó ku àpò kan péré."