Èsì Tí Mo Fún Àwọn Tó Wá Ṣe Ìwádìí Ìdílé Wa

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn àlejò láti Atosin bi mí lónìí, ó sì ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Wọ́n wá ṣe ìwádìí nítorí Fúnmi, ọmọ mi, tí ọmọkùnrin wọn fẹ́ fi ṣe aya.

Ìyá mi fi ẹ̀rín kí wọn: "Ẹ kú àtẹ̀gùn o! Ṣé ẹsẹ̀ ò dùn yín?"

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ni màmá mi ní lọ́kàn. Ìsàlẹ̀ ni ilé wa wà; ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti gun òkè náà kẹ́yìn.

Bàbá ọmọkùnrin náà kọjú sí mi: "Ṣé bí ìyá tó bí màmá yìí náà ṣe ṣe nìyí?"

"Ẹ kọ́kọ́ dá màmá lóhùn ná, sà."

Ó kí wọn. Nígbà náà ni mo sọ òtítọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìyá wọn, àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Dókítà ní àìsàn ìgbàgbé yìí lè tẹ̀ lé ìdílé, ṣùgbọ́n kì í mú gbogbo ọmọ."

Wọ́n dìde láìfẹnu kan omi.

Fúnmi bú sẹ́kún. "Màmi, ẹ ò bá ti sọ pé ogbó lásán ni!"

"Bí ó bá mú èmi náà lọ́la, ilé wọn ni wọn yóò ti máa pè ọ́ ní ọmọ òpùrọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra títí di ìsinsìnyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá sọ?